Àyẹ̀wò ètò ààbò ilé-iṣẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ ní àgbègbè eléwu: ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Olùyẹ̀wò Tuntun

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ààbò. Àyẹ̀wò owó ni iṣẹ́ tí mo kọ́, ọdún kẹsàn-án sì nìyí tí mo ti ń ṣe é nínú ilé-iṣẹ́ kan tó ń bá àwọn awakùsà ṣe ọ̀nà àti afárá. Ní oṣù tó kọjá, ìgbìmọ̀ olùdarí wa pè mí, wọ́n sì ní kí n lọ yẹ ètò ààbò wa wò ní orílẹ̀-èdè mẹ́ta tí ogun, ìjínigbé àti ìkọlù àwọn agbésùmọ̀mí kò ti jẹ́ nǹkan tuntun, kí n sì mú ìjábọ̀ wá láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá. N kò ṣe ológun rí, n kò sì ṣe ọlọ́pàá rí. Nígbà tí mo sọ èyí fún wọn, wọ́n ní ìdí gan-an tí àwọn fi yàn mí nìyẹn, pé ojú tí kò ní ọ̀rẹ́ nínú ẹ̀ka ààbò ni àwọn ń wá.

Mo ti ka gbogbo ìwé tí ẹ̀ka ààbò kó fún mi, ó lé ní irínwó ojú ewé. Kò sí èyí tí kò wuyì níbẹ̀: àwòrán ọgbà, iye kámẹ́rà, iye ẹ̀ṣọ́, ètò bí a ó ṣe kó àwọn òṣìṣẹ́ kúrò bí ìlú bá dàrú, àti àtẹ ewu tí wọ́n kùn ní pupa, ní ìyeyè àti ní àwọ̀ ewé. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé n kò mọ bí mo ṣe lè mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú wọn. Bí ẹnìkan bá kọ ọ́ sínú ìwé owó pé òun san iye báyìí fún ẹnìkan, mo lè gba báńkì lọ kí n wò ó bóyá owó náà jáde lóòótọ́. Lórí ọ̀rọ̀ ààbò, níbo ni báńkì tèmi wà?

Mo tún fẹ́ mọ ibi tó yẹ kí àyẹ̀wò mi dé. Ṣé àwọn òṣìṣẹ́ tiwa nìkan ni mo máa wò ni, àbí àwọn òṣìṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe tó ń bá wa wa ọkọ̀, tó ń bá wa se oúnjẹ, tó sì ń bá wa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà náà wà lára rẹ̀? Ọ̀gá ẹ̀ka ààbò ní àdéhùn iṣẹ́ ti di ẹrù àwọn yẹn ru ọ̀gá tiwọn. Ọ̀rọ̀ náà tọ̀nà nínú ìwé, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò gbà á.

Alábòójútó Àná

Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá Olùyẹ̀wò. Ẹ má jẹ́ kí àìṣe ológun kó ìtìjú bá yín rárá. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo fi ṣe alábòójútó ààbò ní ibùdó epo àti ibùdó ìwakùsà kí n tó fẹ̀yìn tì, àwọn tó sì rí àléébù iṣẹ́ mi jù lọ ni àwọn tí kò mọ ìbọn ọ́n dì mú. Bí ológun bá wá ṣe àyẹ̀wò fún ológun, ọgbà àti ìbọn ni àwọn méjèèjì á jọ máa kà.

Báńkì tí ẹ ń wá, ọ̀pọ̀ ló wà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ìbéèrè kan ṣoṣo: ènìyàn mélòó ló sùn sínú ibùdó yìí lálẹ́ àná? Ẹ bi ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, ẹ bi ẹni tó ń pín yàrá, ẹ bi ẹni tó ń san owó oṣù, kí ẹ sì bi ilé ìdáná ní iye àwo tí wọ́n bu oúnjẹ sí. Ẹ bi wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ láàárín wákàtí kan náà, kí wọ́n má baà rí àyè fi ọ̀rọ̀ lọ ara wọn. Bí iye tí wọ́n dá kò bá bá ara mu, ètò kíkó ènìyàn kúrò tó wà nínú irínwó ojú ewé yẹn kò lè ṣiṣẹ́, nítorí pé kò sẹ́ni tó lè fi àyè sílẹ̀ nínú ọkọ̀ de ẹni tí kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ní kí wọ́n lo àwọn nǹkan náà lójú yín. Mo ti dé ibùdó kan rí tí ìwé sọ pé fóònù sátẹ́láìtì mẹ́rin wà níbẹ̀. Mẹ́rin náà wà lóòótọ́, nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n tì pa, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ ọ̀gá kan tó ti lọ fún ìsinmi. Nígbà tí a já kọ́bọ́ọ̀dù náà, a rí i pé owó ìlò wọn ti tán láti oṣù méje sẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó purọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà; iye fóònù ni ìwé béèrè, wọ́n sì ka fóònù. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ ṣe fún agogo ìkìlọ̀, fún jẹnẹrétọ̀, fún yàrá tí wọ́n ní kí àwọn ènìyàn sá sí, àti fún nọ́ńbà tí wọ́n ní kí a pè nígbà pàjáwìrì. Ẹ pe nọ́ńbà náà ní òru ọjọ́ ìsinmi, kí ẹ wo ẹni tó máa gbé e.

Ọ̀ràn kan wà tí ó yẹ kí ẹ mọ̀ dunjú kí ẹ tó gbéra. Ní ọjọ́ 16 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2013, àwọn agbésùmọ̀mí kọlu ibùdó gáàsì Tigantourine lẹ́bàá In Amenas ní orílẹ̀-èdè Àlgéríà, èyí tí ilé-iṣẹ́ epo mẹ́ta jọ ń darí: Sonatrach ti ìjọba Àlgéríà, BP ti Bìrìtéènì àti Statoil ti ilẹ̀ Nọ́wè. Ọjọ́ mẹ́rin ni ọ̀ràn náà gbà, ogójì ènìyàn tí kò mọwọ́ tí kò mọsẹ̀ ló sì kú. Márùn-ún nínú wọn jẹ́ òṣìṣẹ́ Statoil. Statoil gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ láti wádìí ìṣẹ̀lẹ̀ náà, wọ́n sì gbé ìjábọ̀ rẹ̀ síta ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kà á, ohun tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ kì í fẹ́ ṣe. Ohun tí wọ́n rí ni pé ààbò inú ibùdó náà dúró lórí ìgbàgbọ́ pé àwọn ọmọ ogun ìjọba tó wà ní aginjù ìta kò ní jẹ́ kí ọ̀tá dé ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí ọ̀tá kọjá lára àwọn wọ̀nyẹn, ọgbà àti ẹ̀ṣọ́ tó wà nínú kò lágbára láti dá wọn dúró, kò sì tíì sí ẹni tó jókòó ro ó pé ẹgbẹ́ ńlá tó dìhámọ́ra lè wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà, bí ẹ bá ti dé ìdí ètò ààbò kọ̀ọ̀kan, ẹ wá ohun tí ó gbára lé tí kò sí lábẹ́ àṣẹ ilé-iṣẹ́ yín, kí ẹ sì béèrè ohun tó máa kù bí ohun náà bá yẹ̀.

Ẹni tó tẹ agogo ìkìlọ̀ ní Tigantourine, tí àwọn kan fi rí àyè sá pamọ́, ẹ̀ṣọ́ kan tó jẹ́ ọmọ Àlgéríà ni, wọ́n sì yìnbọn pa á. Ìdí nìyẹn tí ara mi kì í fi í gba ọ̀rọ̀ pé ẹrù àwọn ẹ̀ṣọ́ wà lórí ọ̀gá tiwọn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn ìgbà tí wọ́n gba owó oṣù kẹ́yìn. Mo ti bá ẹ̀ṣọ́ kan pàdé rí tí ilé-iṣẹ́ wa ń san owó rẹ̀ déédéé fún agbaṣẹ́ṣe, tí agbaṣẹ́ṣe náà kò sì fún un ní nǹkan kan fún oṣù méjì. Wákàtí mẹ́rìndínlógún ló ń ṣe lójúmọ́, torí pé ẹnìkejì rẹ̀ ti kọ̀, kò wá mọ́. Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ní ibùdó yẹn, gbèsè owó oṣù ni ògiri fi lanu, kò sì sí kámẹ́rà tó yà á.

Ètò Ìrìnnà

Mo fara mọ́ ohun tí Alábòójútó Àná sọ, àmọ́ wọ́n pẹ́ jù nínú ọgbà. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń ṣètò ọkọ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́ ní irú àgbègbè bẹ́ẹ̀, ojú ọ̀nà ni wàhálà sì ti máa ń ká wa mọ́.

Ní ọjọ́ 6 oṣù kọkànlá ọdún 2019, wọ́n dá ọ̀wọ́ bọ́ọ̀sì márùn-ún lọ́nà ní ìlà-oòrùn Bùrkínà Fasò, bí wọ́n ti ń kó àwọn òṣìṣẹ́ lọ sí ibùdó ìwakùsà góòlù Boungou, tí ó wà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ Semafo ti Kánádà nígbà náà. Àwọn ológun ló ń sìn wọ́n lọ. Ènìyàn tó lé ní márùndínlógójì ló kú. A kò lè sọ pé ilé-iṣẹ́ náà kò mọ̀ pé ọ̀nà náà burú, nítorí ìkọlù ti wáyé lójú ọ̀nà náà ní ọdún 2018, wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi hẹlikọ́pítà gbé àwọn òṣìṣẹ́ tó wá láti ilẹ̀ òkèèrè. Àwọn ọmọ onílẹ̀ àti òṣìṣẹ́ àwọn agbaṣẹ́ṣe ló kù sínú bọ́ọ̀sì.

Ẹ wo ohun tí èyí jẹ́ fún olùyẹ̀wò. Ní ọjọ́ tí ilé-iṣẹ́ kan bá ti háyà hẹlikọ́pítà fún apá kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, ó ti fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀nà náà kò ṣeé gbà. Kò tún lè sọ lẹ́yìn ìyẹn pé òun kò mọ̀. Nítorí náà, ẹ pín ojú ewé kan sí méjì, kí ẹ kọ ohun tí ilé-iṣẹ́ ń ṣe fún àlejò sí apá kan àti ohun tó ń ṣe fún ọmọ ibẹ̀ sí apá kejì: ọkọ̀ tí wọ́n ń wọ̀, ibi tí wọ́n ń sùn, fóònù tó wà lọ́wọ́ wọn, àti ẹni tí wọ́n máa kọ́kọ́ kó bí ìlú bá dàrú. Àwọn ìyàtọ̀ kan wà tó ní ìdí tó mọ́gbọ́n dání, torí pé níbòmíràn àlejò ni àwọn ajínigbé ń wá. Ṣùgbọ́n ẹnìkan gbọ́dọ̀ wà tó fi orúkọ ara rẹ̀ sí ìyàtọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹnu máa yà yín bí ẹ bá rí iye èyí tí kò sẹ́ni tó fi orúkọ sí i.

Ìdáhùn mi lórí agbaṣẹ́ṣe kò jìnnà sí èyí. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹta ọdún 2021, nígbà tí wọ́n kọlu ìlú Palma ní àríwá Mòsáḿbíìkì, ibùdó gáàsì ńlá tí Total ń kọ́ ní Afungi ní odi, ó sì ní ọmọ ogun. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ fún agbaṣẹ́ṣe wà nínú ìlú lẹ́yìn odi. Àwọn kan há sínú hótẹ́ẹ̀lì Amarula fún ọjọ́ méjì, nígbà tí wọ́n sì fi ọ̀wọ́ ọkọ̀ jáde, wọ́n dá wọn lọ́nà, wọ́n sì pa nínú wọn. Kò sí ìdílé olóògbé kan tó máa ka àdéhùn iṣẹ́ kí wọ́n tó mọ ẹni tí ọmọ wọn kú sí iṣẹ́ rẹ̀.

Lórí ìwé ìrìnnà, ẹ gba ti oṣù mẹ́ta, kí ẹ sì wo ọwọ́ ìkọ̀wé. Mo ti rí ti ọ̀sẹ̀ kan gbáko tí wọ́n fi gègé kan náà kọ lọ́jọ́ kan náà, tí àkókò tí ọkọ̀ dé kò fi ìṣẹ́jú kan yàtọ̀ láti ọjọ́ Ajé títí dé ọjọ́ Ẹtì. Yálà wọ́n ń kọ ọ́ kí ọkọ̀ tó gbéra, tàbí kí ọkọ̀ máa rìn ní àkókò kan náà lójoojúmọ́ lóòótọ́. Èyí èkejì ló burú jù, nítorí ẹni tó bá fẹ́ ba dè wọ́n kò ní nílò aago.

Amòfin Kan

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó kọ ohunkóhun sílẹ̀, ẹ lọ bá agbẹjọ́rò ilé-iṣẹ́ yín. Ìwé tó to gbogbo àléébù ààbò yín jọ jẹ́ máàpù lọ́wọ́ ọ̀tá bí ó bá bọ́ sọ́nù, ó sì jẹ́ ẹ̀rí lọ́wọ́ adájọ́ bí ẹ kò bá ṣe nǹkan kan lórí rẹ̀. N kò sọ pé kí ẹ fi òtítọ́ pamọ́ o. Kí ẹ mọ àwọn tí yóò gbà á, kí ẹ mọ iye ẹ̀dà tí yóò wà, kí ẹ sì gba ọjọ́ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ olùdarí tí wọ́n máa fèsì sí kókó kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀rọ̀ pé a mọ̀, a kò sì ṣe nǹkan kan, òun ló ń da ẹjọ́ rú fún àwọn ilé-iṣẹ́. Ní ọdún 2012, wọ́n jí òṣìṣẹ́ mẹ́rin nínú àjọ Norwegian Refugee Council gbé ní àgọ́ àwọn tí ogun lé kúrò nílé ní Dadaab, ní Kẹ́ńyà, wọ́n sì pa awakọ̀ kan. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin náà gbé àjọ náà lọ sí ilé-ẹjọ́ ní Oslo, ní oṣù kọkànlá ọdún 2015 ilé-ẹjọ́ sì dájọ́ pé àjọ náà jẹ̀bi àìbìkítà tó burú, nítorí pé wọ́n mọ̀ pé ewu ìjínigbé wà níbẹ̀, wọn kò sì ṣe ohun tó yẹ láti dín in kù. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 4.4 kroner, owó ilẹ̀ Nọ́wè, ni wọ́n ní kí wọ́n san fún un. Àjọ aláàánú ni wọ́n, ilé-ẹjọ́ kò sì wo ti àánú.

Ẹ̀gbẹ́ kejì ọ̀rọ̀ náà ni owó, níbi tí ẹ̀yin fúnra yín ti mọ̀ jù wá lọ. Lafarge ti ilẹ̀ Faransé kó àwọn òṣìṣẹ́ àjèjì rẹ̀ kúrò ní ilé-iṣẹ́ símẹ́ǹtì rẹ̀ ní Jalabiya, ní àríwá Síríà, ní ọdún 2012, àmọ́ iṣẹ́ kò dúró. Àwọn ọmọ Síríà ni wọ́n fi ń bá a lọ títí di oṣù kẹsàn-án ọdún 2014 tí ẹgbẹ́ ISIS fi gba ibẹ̀. Láàárín àkókò náà, wọ́n ń gba ọ̀nà alágbàtà sanwó fún ISIS àti al-Nusra, ẹgbẹ́ agbésùmọ̀mí mìíràn níbẹ̀, kí òṣìṣẹ́ àti ọjà lè máa kọjá. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, Lafarge jẹ́wọ́ ẹ̀bi níwájú ilé-ẹjọ́ Amẹ́ríkà, ó sì gbà láti san nǹkan bíi mílíọ̀nù 778 dọ́là. Ní ọdún 2007 ni Chiquita, ilé-iṣẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti Amẹ́ríkà, ti jẹ́wọ́ irú rẹ̀ lórí owó tó san fún AUC, ẹgbẹ́ oníbọn kan ní Kòlóḿbíà, owó ìtanràn mílíọ̀nù 25 dọ́là ni wọ́n sì bù fún un. Nítorí náà, ẹ ṣí ìwé owó àwọn ibùdó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ẹ wá owó tó ń lọ sọ́dọ̀ alágbàtà tí kò ní ọ́fíìsì, owó "ìrànlọ́wọ́ ìrìnnà" tó ń ga bí ewu ọ̀nà ti ń ga, àti owó tí a kò rí ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹ̀ka ààbò kì í fi irú owó yìí hàn nínú àtẹ ewu wọn.

Ní kúkúrú lórí ìwé adójútòfò fún ìjínigbé: àdéhùn rẹ̀ sábà máa ń sọ pé kí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ má mọ̀ pé ó wà, torí náà ẹ má dárúkọ rẹ̀ nínú ìjábọ̀ tí gbogbo ọ̀gá yóò kà. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ má rò pé ó lè bo gbogbo nǹkan mọ́lẹ̀. Ní Bìrìtéènì, òfin ọdún 2015 kò gbà kí ilé-iṣẹ́ adójútòfò dá owó padà fún ẹni tó bá san owó ìtúsílẹ̀ fún agbésùmọ̀mí.

Àwọn òṣùwọ̀n àgbáyé tún wà tí ẹ lè gbé ètò yín lé: Voluntary Principles on Security and Human Rights ti ọdún 2000, tó sọ bó ṣe yẹ kí ilé-iṣẹ́ ìwakùsà àti epo bá ọmọ ogun ìjọba àti ẹ̀ṣọ́ aládàáni lò; ìwé Montreux ti ọdún 2008, tó sọ ojúṣe àwọn orílẹ̀-èdè lórí ilé-iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ aládàáni níbi tí ogun wà; àti òfin ìwà àwọn ilé-iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ aládàáni ti ọdún 2010, tí àjọ ICoCA ní Geneva ń mójú tó láti ọdún 2013. Fún ìrìn-àjò òṣìṣẹ́, ISO 31030 ti ọdún 2021 wà. Wọ́n wúlò, pàápàá bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀ṣọ́ tí ẹ gbà ní àṣẹ láti yìnbọn, ìgbà wo sì ni. Kí ẹ má kàn máa fi àmì sí iwájú ìlà kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń ka àgùntàn.

Olùyẹ̀wò Tuntun

Ẹ ṣeun gidigidi, gbogbo yín. Mo ti dé ibùdó kìn-ín-ní, mo sì béèrè ìbéèrè orí-mélòó náà. Ẹnu ọ̀nà ní 212, ẹni tó ń pín yàrá ní 187, ẹni tó ń san owó oṣù ní 164, ilé ìdáná ní 231. Ilé ìdáná ló jàre. Agbaṣẹ́ṣe wa ti gbé apá kan iṣẹ́ rẹ̀ fún agbaṣẹ́ṣe mìíràn, àwọn ènìyàn tonítọ̀hún sì ń sùn sínú kọ̀ńtánà lẹ́yìn ibi ìtọ́jú ọkọ̀, níbi tí agogo ìkìlọ̀ kò ti dún dé. Inú ọ̀gá ibùdó kò dùn sí mi láti ọjọ́ náà. Ohun tí mo rí nínú ìwé owó, mo ti gbé e fún agbẹjọ́rò wa, n kò sì ní sọ ọ́ níbí.

Ibi tí mo há sí báyìí ni ọ̀dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ọmọ ibẹ̀. Mo jókòó pẹ̀lú ènìyàn mẹ́rìnlá, lọ́kọ̀ọ̀kan, nínú ọ́fíìsì kan, gbogbo wọn ló sì ní kò sí ìṣòro kankan. Mo ń rò ó láti wọ bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kí n lè fi ojú ara mi rí ọ̀nà náà. Nígbà tí mo sì ń ronú lọ́wọ́, ilé-iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ kan kọ̀wé sí ọ̀gá mi pé àwọn lè bá wa ṣe gbogbo àyẹ̀wò náà ní ìdajì iye tí ó ń ná wa. Kí ni ẹ rí sí i?

Ọmọ Ibẹ̀

N kì í sábà sọ̀rọ̀ níbí. Ọmọ ọ̀kan nínú irú àgbègbè bẹ́ẹ̀ ni mí, mo sì ti ṣe ògbufọ̀ fún ilé-iṣẹ́ méjì. Ẹ jẹ́ kí n bi yín: ta ló yan ògbufọ̀ tó jókòó láàárín yín àti àwọn mẹ́rìnlá yẹn? Ta ló kọ orúkọ wọn? Ojú fèrèsé wo ni àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ti ń wò wọ́n bí wọ́n ti ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan?

Àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn mọ nǹkan. A máa ń mọ̀ bí ọjà bá tú kí àkókò rẹ̀ tó pé, a máa ń mọ̀ bí àwọn òbí bá dédé kó ọmọ kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́, ìbátan sì máa ń pe ni láti ìlú kejì pé kí a má rìn lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Nígbà kan, mo sọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún ọ̀gá mi. Ó fi tọ àwọn ológun létí, pẹ̀lú orúkọ mi. Odindi ọjọ́ kan ni wọ́n fi bi mí léèrè bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. N kò sọ irú rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni mọ́ títí mo fi kúrò níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìkìlọ̀ tí mo gbọ́ lẹ́yìn ìgbà náà kò dín kù. Nínú ìwé ilé-iṣẹ́ náà, wọ́n kọ ọ́ pé ìṣẹ̀lẹ̀ ti dín kù lọ́dún yẹn, inú wọn sì dùn.

Bí ẹ bá tún pàdé wọn, ẹ má béèrè nǹkan kan nípa ọ̀tá. Ẹni tó bá dáhùn ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ti fi ara rẹ̀ sáàárín ìbọn méjì. Ẹ bi wọ́n ní ohun tí àwọn fúnra wọn ń ṣe: ọjọ́ wo ni ẹ kì í fẹ́ wọ ọkọ̀? Ibo ni ẹ ti máa ń bọ́ káàdì ìdánimọ̀ kúrò lọ́rùn bí ẹ bá ń lọ sílé? Ṣé ẹ máa ń sọ̀kalẹ̀ kí ọkọ̀ tó dé ibùdókọ̀? Kò sí ẹni tí ìdáhùn yìí fi sùn, ṣùgbọ́n bí ogún ènìyàn bá ní afárá kan náà ni àwọn ti ń bọ́ káàdì, ẹ ti mọ ohun tí ẹ wá mọ̀. Kí ẹ tún gbọ́ ohun tí wọ́n bá sọ nípa ilẹ̀, omi àti ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́. Wọ́n lè máa pè é ní ìráhùn ní olú iléeṣẹ́ yín, àmọ́ inú ìráhùn yẹn ni ẹni tó ń wá ọmọ ogun láti kó jọ ti ń rí wọn.

Alábòójútó Àná

Kò sí ohun tí mo lè fi kún ti Ọmọ Ibẹ̀, àfi kí n sọ pé èmi náà ti tọ ológun létí pẹ̀lú orúkọ ènìyàn rí, n kò sì mọ ohun tí mo ṣe títí mo fi ka ọ̀rọ̀ wọn yìí.

Lórí àwọn tó fẹ́ ṣe é ní ìdajì iye: ẹni tó ń ta ẹ̀ṣọ́ kò ní sọ fún yín láé pé ẹ̀ṣọ́ yín ti pọ̀ jù, tàbí pé owó tí ẹ fẹ́ fi gba ogún sí i ni kí ẹ fi gbé agogo ìkìlọ̀ dé ẹ̀yìn ibi ìtọ́jú ọkọ̀. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Ìbéèrè kan kù tí mo gbàgbé láti kọ́kọ́ sọ. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá ibùdó bóyá ó lè dá iṣẹ́ dúró kí ó sì kó ènìyàn kúrò láìjẹ́ pé ó pe olú iléeṣẹ́. Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ ní kí ó fi ìwé tó fún un láṣẹ hàn yín, kí ẹ sì béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó lo àṣẹ náà gbẹ̀yìn. Mo mọ ẹnìkan tó dá iṣẹ́ dúró fún ọjọ́ mẹ́ta nítorí ìkìlọ̀ kan, tí nǹkan kan kò sì ṣẹlẹ̀. Wọ́n yọ ọ́ lẹ́nu lórí owó ọjọ́ mẹ́ta yẹn débi pé ẹni tó gbapò rẹ̀ kò jẹ́ dá a láṣà láé.

Ètò Ìrìnnà

Ọ̀gá Olùyẹ̀wò, ẹ má wọ bọ́ọ̀sì náà. Mo mọ̀ pé inú rere ni ẹ fi rò ó, ṣùgbọ́n bí àlejò kan bá wà nínú bọ́ọ̀sì, ó ti sọ gbogbo àwọn tó kù di ohun tó tọ́ sí ìdọdẹ, wọ́n sì máa fi ọkọ̀ ológun kún un lọ́jọ́ yẹn nítorí yín. Ọ̀nà tí ẹ máa rí kò ní jẹ́ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà.

Kàkà bẹ́ẹ̀, ẹ lọ jókòó sí ibi tí bọ́ọ̀sì ti ń gbéra nínú ọgbà ní òwúrọ̀ mẹ́ta tó tẹ̀ léra, láìsọ fún ẹnikẹ́ni ṣáájú. Ẹ kọ àkókò tí ọkọ̀ ṣí sílẹ̀. Ẹ ka àwọn tó wọlé tí orúkọ wọn kò sí nínú ìwé. Kí ẹ sì fiyè sí àwọn tó dé ẹnu ọkọ̀, tí wọ́n gba ìpè kan lórí fóònù, tí wọ́n sì padà lẹ́yìn láìwọ ọkọ̀. Ẹ má lọ bá wọn lọ́jọ́ náà o. Ẹ kọ ọjọ́ àti wákàtí nìkan sílẹ̀ láìkọ orúkọ, kí ẹ fi wé ohun tí Ọmọ Ibẹ̀ ní kí ẹ béèrè, kí ẹ sì wo bóyá ọkọ̀ tún gbéra ní àárọ̀ náà.